Ìbéèrè Tí Kò Sí Lórí Káàdì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn ìjọba n'Íbàdàn, ìbáà ṣe Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù tàbí ilé ìwòsàn kékeré inú àdúgbò, ojú fèrèsé káàdì ló máa kọ́kọ́ dúró sí. Wọ́n á béèrè orúkọ, ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, ìlú, iṣẹ́, bóyá ó ti lọ́kọ tàbí láya. Kò sẹ́ni tó máa béèrè bóyá ọkùnrin ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí tàbí obìnrin. Ẹ lè ní kí ló kan oníṣègùn nínú ìyẹn. Ó kàn án. Ìdáhùn yẹn ló máa sọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti gba àyẹ̀wò lára èèyàn, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó yẹ ẹ́, àti ohun tó ń lé oorun lójú aláìsàn tó ní ẹ̀fọ́rí lòun wá gba oògùn fún. Bí a ò bá béèrè, àìsàn ò ní tìtorí ẹ̀ kúrò. Ibi tí kò sí la ó kàn máa wá a sí.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó fi ìbéèrè náà sínú ìwádìí ìlera wọn ti rí nǹkan. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá tí ìjọba wọn ń ṣe lọ́dọọdún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ ní 2013, wọ́n sì gbé àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Keje 2014, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àgbàlagbà 34,557 sọ̀rọ̀. Ìdá 96.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀yà kejì nìkan lòun ń fẹ́. 1.6 ní ẹ̀yà bíi tòun lòun ń fẹ́. 0.7 ní òun ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin. Nínú àwọn àkọ́kọ́, 19.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń mu sìgá. Nínú àwọn kejì, 27.2, nínú àwọn kẹta, 29.5. Ọtí tẹ̀lé ọ̀nà kan náà: àwọn tó ti mu ife márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan láàárín ọdún náà jẹ́ 26.0, 35.1 àti 41.5.

Ẹ wo àwọn kẹta yẹn dáadáa. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ẹni tó lè fẹ́ ọkùnrin tó sì lè fẹ́ obìnrin ni tiẹ̀ rọrùn jù, torí ó ṣáà lè gbéyàwó kí ẹnu ayé sì pa mọ́. Ìwádìí ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdààmú ọkàn tó le gan-an wà lára 11.0 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Lára àwọn tó ń fẹ́ ẹ̀yà kejì nìkan, 3.9 péré ni. Wọn ò rí ibi fara mọ́ níhà ọ̀hún, wọn ò rí i níhà ìhín. Ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe búburú níbi gbogbo. Àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin kò sanra jù tó àwọn ọkùnrin yòókù, wọ́n sì ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn líle jù wọ́n lọ. Àwọn obìnrin tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin ni sísanra pọ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá da gbogbo wọn pọ̀ sínú igbá kan ti sọ ohun tó ń wá nù kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àìsàn kan tó ń jẹ́ fífẹ́ ẹ̀yà ara ẹni la ń wá okùnfà rẹ̀ o. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àrùn wọn ní 1973, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì ṣe tiẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1990. Ohun tí a ń wá ni ìdí tí àìsàn tó ń ṣe gbogbo ayé fi ń ṣe àwọn kan ju àwọn kan lọ. Àlàyé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni ti olùwádìí Ilan Meyer, ọdún 2003. Ohun tó ṣẹlẹ̀ séèyàn gan-an wà nínú rẹ̀: èébú, lílù, kí wọ́n léèyàn jáde nílé. Fífi ìbẹ̀rù retí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ náà wà níbẹ̀, àti fífi ara ẹni pamọ́, àti kí èèyàn wá gba ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ gbọ́ nínú ọkàn ara rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa gun orí wàhálà tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, owó ilé, owó ọkọ̀, iná tí kò sí.

N'Íbàdàn, ìpamọ́ ló wúwo jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ìlú tí wọ́n ti ń béèrè agboolé ẹni ni. Ẹni tó ń gbé nínú ilé face-me-I-face-you ní Àgbowó tàbí ní Ìyànà Bódìjà ní láti ṣọ́ ẹni tó wá kí i, ìró fóònù rẹ̀, àkókò tí àlejò lọ, àti ìdáhùn tó máa fún ìyá tó ń pè láti ilé pé ìgbà wo ni ká ra aṣọ ẹbí. Ara ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ewu tó dé àti èyí tí à ń retí. Èròjà kọ́tísọ́ọ̀lù tí ara ń tú jáde nígbà ìbẹ̀rù kò ní lọ sílẹ̀ nígbà tó yẹ, oorun á fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ọwọ́ á sì wá ohun tó lè mú ara rọlẹ̀. Ibi tí irú wọn ti lè bá ara wọn jókòó láìsí pé ẹnìkan ń wò wọ́n kò sì pọ̀ ju ilé ọtí àti òde alẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni sìgá àti ọtí ti ń wọlé. Àkópọ̀ ìwádìí tí Michael King àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2008 rí i pé ìsoríkọ́ àti àníyàn àṣejù fi ìlọ́po kan àbọ̀, ó kéré tán, pọ̀ láàárín wọn, ìgbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹni sì tó ìlọ́po méjì.

Ṣùgbọ́n ká tó máa gbé nọ́ńbà kiri, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń kà á, torí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ń gbà wọlé. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà ń dà pọ̀: ẹni tí ọkàn ń fà sí, ẹni tí a ń bá sùn, àti orúkọ tí a ń pe ara ẹni. Lọ́dọ̀ wa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé inú ilé kan náà. Ọkùnrin lè ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, kó máa bá ọkùnrin sùn lóṣooṣù, kó má sì gbà pé orúkọ kankan jẹ́ tòun. Ìwádìí tó béèrè orúkọ ti pàdánù rẹ̀. Èyí tó béèrè pé "Láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ta lẹ bá lò pọ̀, ọkùnrin, obìnrin, àbí méjèèjì?" máa rí i. Bó bá jẹ́ àrùn tó ń ran la ń wá, ìwà la ó béèrè. Bó bá jẹ́ ìsoríkọ́, ibi tí ọkàn ń fà sí ṣe pàtàkì jù, nítorí ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí náà lè máa jìyà rẹ̀.

Ìṣirò tiẹ̀ tún ní jàǹbá tirẹ̀. Ká ní èèyàn 1,000 ló dáhùn, tí 20 nínú wọn ń fẹ́ ẹ̀yà bíi tiwọn lóòótọ́. Bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn 980 yòókù bá fi àmì síbi tí kò yẹ, torí ìbéèrè ò yé wọn tàbí torí ìkánjú, nǹkan bí èèyàn 10 nìyẹn. Ẹni 30 la máa kà, ìdá kan nínú mẹ́ta wọn kò sì sí lára àwọn tí à ń wá. Ìyàtọ̀ tó ga á wá dà bíi pé kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń jẹ́ kí olùdáhùn gbọ́ ìbéèrè létí ara rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìdáhùn, kí ọmọ àdúgbò tó wá ṣe ìwádìí má lè gbọ́ ohunkóhun.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà míì ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin sùn: ẹni díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rí á gba tíkẹ́ẹ̀tì ìpè, á pín in fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ náà á pín in fún ọ̀rẹ́ tirẹ̀. Ní 2010 wọ́n fi í kó ọkùnrin 712 jọ ní Àbújá, Ìbàdàn àti Èkó. Kòkòrò HIV wà lára 34.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní Àbújá, 15.2 ní Èkó, 11.3 n'Íbàdàn. Ìwádìí ìjọba lórí àwọn tí ewu pọ̀ fún rí 13.5 lára irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní 2007, 17.2 ní 2010, 22.9 ní 2014. Láàárín gbogbo ọmọ Nàìjíríà ọlọ́dún 15 sí 49, ìwádìí ńlá ọdún 2018 rí 1.4. Àlàfo náà ga, kò sì ṣeé fojú fò. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìgboro tó mọ ara wọn ni tíkẹ́ẹ̀tì ìpè máa ń kó jọ. Alága ẹgbẹ́ ọlọ́dún 55 tó ń gbé ní Òkè-Àdó kò gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń fi 22.9 sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ló ń sọ nípa.

Kí ló mú HIV pọ̀ bẹ́ẹ̀? Awọ inú ihò ìdí tinrín, ó sì kún fún irú sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò náà ń wá. Ìṣirò tí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń lò ni pé bí ẹlẹ́gbẹ́ ẹni bá ní HIV tí kò gba oògùn, tí wọn ò sì lo ìdáàbòbò, ẹni tó gbà á láti ìdí ní ewu 138 nínú ìgbà 10,000. Obìnrin tó gbà á láti ojú ara, 8. Àwùjọ náà kéré, nítorí náà bí kòkòrò bá wọ inú rẹ̀, ó máa ń yí po. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ìbẹ̀rù, tó ń jẹ́ kí èèyàn pẹ́ kó tó ṣe àyẹ̀wò.

Ìbẹ̀rù yẹn ní ọjọ́ tó pọ̀ sí i. Òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀ gba ìbuwọ́lù ní oṣù Kìíní 2014: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 fún ẹni tó bá ń ṣe ẹgbẹ́ wọn tàbí tó ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Kò síbi kankan nínú rẹ̀ tó ní kí dókítà má tọ́jú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ta ló máa ka òfin dé ìlà tó gbẹ̀yìn kó tó bẹ̀rù? Àwọn olùwádìí kan ti ń tẹ̀lé ọkùnrin ní Àbújá kí òfin náà tó dé, wọ́n sì rí àyè fi ìgbà ìṣáájú wé ìgbà tó tẹ̀lé e. Àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet HIV ní 2015: àwọn tó ń bẹ̀rù láti lọ gba ìtọ́jú pọ̀ sí i. Òfin míì tó wá lọ́dún kan náà kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ ní abala 26 pé gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ìlera aláìsàn jẹ́ àṣírí, àfi bó bá fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n sọ ọ́, bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá béèrè, bí òbí tàbí alágbàtọ́ bá béèrè fún ọmọdé tàbí fún ẹni tí kò lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, tàbí bí dídákẹ́ bá máa fi ìlera ará ìlú sínú ewu ńlá. Abala 20 ní kò sí ìdí kankan tó tó láti kọ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu sílẹ̀ láìtọ́jú.

Abala 26 dára lórí ìwé. Lójúkojú, fáìlì ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n ń pariwo orúkọ èèyàn káàkiri gbọ̀ngàn, ìyá àti àbúrò sì ti bá aláìsàn wọlé tọ dókítà. Nítorí náà, ìlẹ̀kùn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jókòó níta díẹ̀, a máa tó pè yín." Lẹ́yìn tí ìlẹ̀kùn bá ti pa dé: "Gbogbo ẹni tó bá wá síbí la máa ń bi léèrè, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ẹni tí ẹ ń bá lò pọ̀, ṣé ọkùnrin ni, obìnrin ni, àbí méjèèjì? Bí ẹ ò bá fẹ́ dáhùn, kò burú." Dókítà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọkọ yín ńkọ́?" ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀, aláìsàn á kàn gbà fún un. Èyí tó bá tún fi ìwàásù tẹ̀ lé e kò ní rí aláìsàn náà mọ́, ó sì lè jẹ́ kẹ́mísì ojú títì ni yóò ti máa gba ìtọ́jú láti ọjọ́ náà lọ.

Nínú fáìlì, ẹ̀yà ara tó yẹ ká yẹ̀ wò ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe orúkọ àwùjọ. "Òwú ọ̀fun àti ti ihò ìdí, pẹ̀lú ìtọ̀" ti tó fún láàbù. Kò sí ohun tí orúkọ máa fi kún un ju ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lọ. Aláìsàn náà kò jẹ gbèsè ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Bó bá sọ pé "Mo fẹ́ kí ẹ yẹ ọ̀fun àti ìdí mi wò," ó ti sọ gbogbo ohun tí ìtọ́jú nílò.

Orí òwú àyẹ̀wò yẹn sì ni mo rò pé wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe tó pọ̀ jù fún àwọn ọkùnrin. Àtọ̀sí tàbí chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ míì, tó wà ní ọ̀fun tàbí ní ihò ìdí kì í sábà dunni, kì í sábà sun ọyún. Bí láàbù bá gba ìtọ̀ nìkan, èsì á ní kò sí nǹkan kan. Òótọ́ ni ìtọ̀ sọ nípa ibi tó ti jáde; ọ̀fun àti ìdí ni wọn ò yẹ̀ wò. Aláìsàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ gba òwú ti ìdí: kó wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kó yí i ká fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kó tó fà á jáde. Ti ọ̀fun gbọ́dọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun méjèèjì àti ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó bá kan ahọ́n nìkan kò wúlò. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ lè ṣe àyẹ̀wò yìí bí katíríìjì tirẹ̀ bá wà nílẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé èèyàn á ya kẹ́mísì ní Mọ́kọ́lá tàbí Sángo, á ra kápúsù mẹ́rin, ampiclox tàbí tetracycline. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àtọ̀sí ti borí àwọn yẹn. Ìrora lè dín kù, àrùn á wà níbẹ̀, á sì máa kọ́ bó ṣe máa borí oògùn tó kù. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, 500 mg tàbí 1 g gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí wọ́n bá ń tẹ̀lé, ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí chlamydia bá wà níbẹ̀, doxycycline 100 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 7.

Ti kọ́ńdọ́ọ̀mù, òróró ló ń bà á jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Vaseline, òrí, àdín, ìpara ọmọdé, gbogbo wọn ń jẹ látẹ́ẹ̀sì; láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ rọ́bà tí ojú rẹ̀ ṣì dán ti di èyí tó lè ya. Jẹ́ẹ̀lì olómi tàbí ti sílíkóònù ló bá a mu. Itọ́ máa ń gbẹ kí wọ́n tó ṣe tán. Wíwọ méjì lórí ara wọn kò fi ààbò kún un. Èyí tó sì ti wà nínú àpò ṣòkòtò láti ìgbà ọyẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Oògùn PrEP tí wọ́n ń gbé mì, tó ń dènà HIV kó tó wọlé, ní ọ̀nà ìlò méjì fún ọkùnrin. Èkíní ni ẹyọ kan lójoojúmọ́. Èkejì wà fún ẹni tí ìbálòpọ̀ rẹ̀ kò ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ: méjì pọ̀ ní wákàtí 2 sí 24 ṣáájú, ẹyọ kan ní wákàtí 24 lẹ́yìn méjì yẹn, ẹyọ kan ní wákàtí 24 lẹ́yìn ìyẹn. Bí ìbálòpọ̀ bá ń bá a lọ, kó máa lo ẹyọ kan lóòjọ́ títí ọjọ́ méjì á fi kọjá lórí èyí tó kẹ́yìn. Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Faransé àti Kánádà, tó jáde ní 2015, rí i pé ọ̀nà kejì yìí dín kíkó HIV kù ní ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀nà kejì yìí kì í ṣe fún obìnrin. Ọ̀pọ̀ ìlànà kò sì gbà á fún ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B, àrùn tó wọ́pọ̀ gidigidi ní Nàìjíríà, torí oògùn yìí kan náà ń tẹ kòkòrò ẹ̀dọ̀ mọ́lẹ̀, bí èèyàn bá sì ń dá a dúró tó tún ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dọ̀ lè wú lójijì. Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àti ti kíndìnrín ló ń ṣáájú, pẹ̀lú ti HIV fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti kó HIV láìmọ̀ tó wá ń lo oògùn méjì inú PrEP ń kọ́ kòkòrò náà ní bó ṣe máa sá fún ìtọ́jú ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí ewu bá ti ṣẹlẹ̀ láìsí PrEP, oògùn ọlọ́jọ́ 28 wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ẹni tí hepatitis B kò sí lára rẹ̀, kó gba àjẹsára: abẹ́rẹ́ mẹ́ta, lónìí, lóṣù kan, lóṣù mẹ́fà. Ẹni tó sì ti ní HIV tó ń lo oògùn rẹ̀ débi tí àyẹ̀wò kò ti rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kò lè fi ran ẹlòmíràn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Ìwádìí PARTNER2, tó jáde ní 2019, tẹ̀lé àwọn ọkùnrin méjì-méjì tí ọ̀kan ní in tí ìkejì kò ní. Wọn ò rí ẹnìkan tó kó o lára ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yẹn.

Wọ́n kì í sábà mẹ́nu ba ìyàwó ilé. Ọkùnrin tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin, tí kò lè sọ ọ́ fún dókítà, ń mú àìsọ náà relé. Syphilis, àrùn ìbálòpọ̀ kan, ni ẹ kíyè sí. Egbò àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í dunni, bó bá sì wà nínú ìdí tàbí ní ọ̀fun, kò sẹ́ni tó máa rí i. Á san fúnra rẹ̀, àrùn á sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó bá wá forúkọ sílẹ̀ fún oyún ni wọ́n máa tó rí i. Bí kò bá tíì pẹ́ lára, abẹ́rẹ́ benzathine penicillin tó jẹ́ mílíọ̀nù 2.4 yúnítì ló ń wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì máa ń pín in sí ìdí méjèèjì torí ó pọ̀, ó sì ń ta. Bó bá ti pẹ́ tàbí tí wọn ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n gún ìyàwó nìkan. Ọkọ á tún kó o ràn án kó tó bí. Ìwé ìpè tó bá kàn kọ "ẹ wá gba abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìyàwó yín" máa ń mú ọkọ wá ju èyí tó ń béèrè ibi tó ti kó o lọ.

Ti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin wá yàtọ̀ pátápátá, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ nípa rẹ̀. Owó ìwádìí tẹ̀lé HIV, HIV kì í sì í rọrùn láti ràn láàárín obìnrin méjì, nítorí náà ojú kúrò lára wọn. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló yẹ kí ojú wà. Kòkòrò HPV ló ń fà á, ó sì ń ran nípa kí awọ kan awọ, ọwọ́ àti ohun èlò tí wọ́n ń pín lò náà lè gbé e. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bá ọkùnrin sùn rí. Síbẹ̀ wọ́n ń sọ fún wọn, àwọn náà sì ń sọ fún ara wọn, pé kò kàn wọ́n. N'Íbàdàn ìdí míì tún wà: níbo ni obìnrin ti ń gbọ́ nípa àyẹ̀wò yìí? Níbi ìforúkọsílẹ̀ oyún, níbi ìfètò sọ́mọ bíbí, níbi àjẹsára ọmọ. Ẹni tí kò lóyún, tí kò sì nílò ìfètò sọ́mọ bíbí, kò ní ọ̀nà kan tó gbé e débẹ̀.

Àyẹ̀wò tó rọrùn jù ní ilé ìwòsàn wa ni ti ọtí kíkan. Nọ́ọ̀sì á fi irin la ojú ara, á fi òwú kan ọtí kíkan tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ọrùn ilé ọmọ, á dúró fún ìṣẹ́jú kan, á wò ó: ibi tó bá funfun ketekete, tí etí rẹ̀ hàn, ni ìfura wà. Bí ọtí bá rọ̀ jù kò ní funfun. Bí nọ́ọ̀sì ò bá dúró pé ìṣẹ́jú kan, kò ní rí nǹkan kan. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá dúró, ibi tó yẹ ká wò ti fà wọ inú, àyẹ̀wò yìí kò ní ṣeé gbára lé. Èyí tí WHO yàn láàyò láti 2021 ni àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò HPV fúnra rẹ̀, láti ọlọ́dún 30, ní ọdún 5 sí 10 síra; ẹni tó ní HIV, láti ọdún 25, ní ọdún 3 sí 5. Obìnrin lè fọwọ́ ara rẹ̀ gba òwú rẹ̀ láìsí irin, èyí sì dára fún ẹni tí ohunkóhun kò wọ ojú ara rẹ̀ rí tàbí tí ẹ̀rù irin ń bà. Bó bá jẹ́ irin ni, kí wọ́n mú èyí tó kéré jù, kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí kò bímọ rí, ewu jẹjẹrẹ ọmú àti ti inú ilé ọmọ ga díẹ̀ fún un ju ẹni tó bímọ tó sì fún un lọ́mú. Sanra àti ọtí ń fi kún un. Ó tó ìdí láti lọ yẹ ọmú wò bí kókó bá yọ níbẹ̀, láìdúró de oṣù tó ń bọ̀.

Ní ti ọkàn, ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní PHQ-9 ṣeé ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Èsì rẹ̀ ń ti 0 dé 27. Láti 10 lọ sókè, kí wọ́n wò ó jinlẹ̀. Ìbéèrè kẹsàn-án, tó dá lé èrò ikú, kì í dúró de àròpọ̀: bí ìdáhùn bá ti ju òdo lọ, ọ̀rọ̀ tòní nìyẹn, kí ẹnìkan wà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sì kó oògùn apakòkòrò kúrò nínú ilé. Lọ́dọ̀ wa, ìsoríkọ́ kì í sábà sọ orúkọ ara rẹ̀. Orí gbígbóná, àyà jíjá àti ara tó ń rìn ló máa ń gbé wá. Oògùn rẹ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ sì ń pa á tì ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ìwádìí Oye Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn, tó jáde ní 2006, rí i pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí àìsàn ọkàn ṣe láàárín ọdún kan, ìdá 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló gba ìtọ́jú kankan. Gbogbo ìlú nìyẹn. Ẹni tó tún ní ohun tó ń fi pamọ́, ẹ fojú inú wò ó. Àwọn kan máa ń gbé ọmọ wọn lọ síbi ìtúsílẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè yí padà. Kò sí ẹ̀rí pé ààwẹ̀ tipátipá tàbí ṣẹ́ẹ̀nì ń yí ibi tí ọkàn ń fà sí padà. Ohun tó dájú ni pé wọ́n ń fi kún ìsoríkọ́, wọ́n sì ń dá oògùn HIV tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru dúró láàárín.

Ó ku àwọn tó ti ń dàgbà. Wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn wa gbójú lé mọ̀lẹ́bí: ta ló máa sáré ra ìbọ̀wọ́ àti omi ìfàsára, ta ló máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù, ta ló máa fi ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ dípò èyí tí wọ́n lò? Ẹni ọgọ́ta ọdún tí kò bímọ, tí àwọn àbúrò sì ti yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀, lè ní ọ̀rẹ́ kan tó ti wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ogún ọdún, kí àwọn ará ilé wá dé ní ọjọ́ kẹta kí wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni yìí rí. Abala 26 ló tún wúlò níbí, torí ó gba aláìsàn láyè láti fi ìwé sọ ẹni tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀. Ojú ìwé kan ti tó: orúkọ rẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó fún láṣẹ, ìlà kan pé kí dókítà sọ ipò ìlera òun fún ẹni náà, ọjọ́ àti ìbuwọ́lù. "Ọ̀rẹ́" tàbí "ẹ̀gbọ́n" ni kó pè é nínú ìwé náà. Òfin ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì, kó fún ọ̀rẹ́ náà ní ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò àti ìwọ̀n wọn, kó sì ti bá ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì yá ni kó ṣe é, kí ìbuwọ́lù náà tó di ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.